Láti Ẹ̀kọ́ Bàyọ́lọ́jì Dé Iṣẹ́ Ìlera: Ìtọ́sọ́nà fún Akẹ́kọ̀ọ́ àti Òbí ní Abẹ́òkúta

Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ Abẹ́òkúta tó fẹ́ di dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn máa ń bá ara wọn ní ẹ̀ka bàyọ́lọ́jì, yálà nítorí pé máàkì JAMB wọn kò tó èyí tí fákọ́tì ìṣègùn ń béèrè, tàbí nítorí pé àwọn òbí gbọ́ pé ibẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ìṣègùn wà. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ọkàn wọn gan-an ló yàn án. Ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà débẹ̀, ó yẹ kí wọ́n mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé dìgírì bàyọ́lọ́jì fúnra rẹ̀ kò fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti tọ́jú aláìsàn ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ ibi tó ń lọ, tó sì fi ọdún mẹ́rin ẹ̀kọ́ náà palẹ̀ mọ́, yóò rí i pé iṣẹ́ ìlera tó ṣí sílẹ̀ fún òun pọ̀ ju méjì tàbí mẹ́ta tí gbogbo ènìyàn ń dárúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí ni mo ń bá sọ̀rọ̀ pọ̀ níhìn-ín, torí pé àwọn méjèèjì ló jọ máa ru ẹrù náà.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ yẹ èsì ìwé mẹ́wàá wò

Ibi tí èrò ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń forí ṣánpọ́n nìyí, wọn kì í sì í mọ̀ àfi lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Àwọn ẹ̀ka bàyọ́lọ́jì kan máa ń gba ẹni tí kò ní kírẹ́díìtì nínú físíìsì, bó bá ṣáà ti yege nínú rẹ̀. Ìṣègùn, ìmọ̀ oògùn, ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àti ẹ̀kọ́ láàbù ìṣègùn kò rí bẹ́ẹ̀: kírẹ́díìtì nínú márààrún ni wọ́n ń béèrè, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, bàyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì, àwọn fákọ́tì ìṣègùn kan sì ń béèrè pé kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tó bá jáde bàyọ́lọ́jì pẹ̀lú èsì tó dára gan-an, tí kò ní kírẹ́díìtì físíìsì, yóò bá ilẹ̀kùn ní títì.

Nítorí náà, ẹ gbé ìwé èsì WAEC tàbí NECO náà jáde lónìí, kí ẹ sì kà á dáadáa. Bí ọ̀kan bá kù nínú márààrún, ọdún kìn-ín-ní ní yunifásítì ni àsìkò tó dára jù lọ láti tún un ṣe nínú ìdánwò tí WAEC tàbí NECO ń ṣe fún àwọn tí kò sí nílé ìwé mọ́, nítorí pé ní ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ń kọ́ yín ní PHY 101, CHM 101 àti MTH 101, tí ọpọlọ sì ṣì gbóná sí i. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ di ọdún kẹrin, ẹ óò máa kọ́ físíìsì látìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ àṣekágbá ń dúró dè yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ iṣẹ́ tí ẹ ń lọ ṣe, àti ìgbìmọ̀ tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ rẹ̀

Iṣẹ́ ìlera kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà ló ní ìgbìmọ̀ tí òfin gbé kalẹ̀, ìgbìmọ̀ náà ló sì ń sọ irú ẹ̀kọ́ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́ kí wọ́n tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. MDCN ló ń bójú tó dókítà àti dókítà eyín, NMCN wà fún nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, PCN fún apòògùn, MLSCN fún onímọ̀ láàbù ìṣègùn, MRTBN fún àwọn onífísíò àti àwọn onímọ̀ occupational therapy (àwọn tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti tún máa ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ fúnra rẹ̀), ODORBN sì wà fún àwọn optometrist tó ń yẹ ojú wò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń forúkọ ẹni tó ní dìgírì bàyọ́lọ́jì nìkan sílẹ̀. Ohun tí dìgírì náà lè ṣe fún yín pín sí ọ̀nà méjì.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni kí ẹ fi í wọ ẹ̀kọ́ tuntun nípasẹ̀ Direct Entry. Fọ́ọ̀mù JAMB kan náà tí àwọn tó ní A'level tàbí ND ń gbà ni ẹni tó ní dìgírì lè gbà, yunifásítì tó bá gbà á yóò sì mú un wọ ọdún kejì, ìyẹn 200 level. Ìṣègùn ènìyàn tó jẹ́ ọdún mẹ́fà yóò di márùn-ún. Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àti ẹ̀kọ́ láàbù ìṣègùn tó jẹ́ ọdún márùn-ún yóò di mẹ́rin. Yunifásítì kan lè gba èsì dìgírì tó jẹ́ Second Class Lower, òmíràn kò ní gba èyí tó relẹ̀ ju Second Class Upper lọ, òmíràn a sì dárúkọ irú dìgírì tó fẹ́. Inú ìwé ìlànà JAMB tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní IBASS, ni ẹ ti máa rí ohun tí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ń béèrè. Ẹ ka ti ilé ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ìsinsìnyí: Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ tí kọ́lẹ́jì ìlera rẹ̀ wà ní Ṣágámù, Yunifásítì Ìbàdàn, Yunifásítì Èkó, àti Babcock ní Ìlíṣàn fún ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé owó ilé ìwé aládàáni.

Kí òbí mọ iye ọdún tó wà níwájú. Bàyọ́lọ́jì ọdún mẹ́rin, ìsìnrúùlú ọdún kan, ìṣègùn ọdún márùn-ún, housemanship (iṣẹ́ tí dókítà tuntun ń ṣe ní ilé ìwòsàn lábẹ́ àbójútó) ọdún kan: ọdún mọ́kànlá nìyẹn bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, kò sì fìgbà gbogbo lọ déédéé, nítorí pé ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti ọdún 2022 nìkan gba oṣù mẹ́jọ. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ó dára kí ẹbí jókòó ṣírò owó àti ọdún pọ̀ nígbà tí ọmọ ṣì wà ní 100 level ju kí ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn lẹ́yìn tó bá gba ìwé ẹ̀rí tán.

Ọ̀nà kejì ni dìgírì kejì (master's) tí kò nílò ìwé àṣẹ àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyẹn, lójú tèmi, òun sì ni àwọn ará ilé wa ń fojú kéré jù. Ẹni tó kọ́ bàyọ́lọ́jì dáadáa lè kọ́ ìmọ̀ ìlera àwùjọ, ìmọ̀ bí àrùn ṣe ń tàn kálẹ̀, ìmọ̀ kòkòrò afàrùn, ìmọ̀ oúnjẹ aṣaralóore tàbí ìṣirò ìṣègùn. Fákọ́tì ìlera àwùjọ wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, kò sì jìnnà sí wa. Àwọn tó bá gba ọ̀nà yìí ni wọ́n ń bá NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, ṣiṣẹ́ nígbà tí kọ́lẹ́rà tàbí ibà Lassa bá bẹ́ sílẹ̀, àwọn ni wọ́n ń ṣe ìwádìí ní ilé iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn NIMR ní Yábàá, àwọn náà ni wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ètò ìkọjú-ìjà-sí ibà. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò gba kí ó máa rí ẹ̀jẹ̀, tó sì fẹ́ràn ìṣirò, lè gba ẹ̀mí ènìyàn là níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mi ò ní fi pamọ́. Àwọn ilé àyẹ̀wò aládàáni kan a máa gba ọmọ bàyọ́lọ́jì tàbí ti microbiology (ìmọ̀ ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí) síṣẹ́, wọn a ní kí ó máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún aláìsàn, kí ó sì máa fọwọ́ sí èsì. Òfin MLSCN ti ọdún 2003 fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún àwọn tí ìgbìmọ̀ náà ti forúkọ wọn sílẹ̀. Ẹni tó bá ń fọwọ́ sí èsì láìní àṣẹ ń fi ẹ̀mí ẹlòmíràn wewu, ó sì ń ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Bí láàbù ìṣègùn bá wù yín, ẹ lọ kọ́ ọ bó ṣe yẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yan ẹ̀ka àti kọ́ọ̀sì tó bá ibi tí ẹ ń lọ mu

Ní FUNAAB, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà lójú ọ̀nà Àlàbàtà, kọ́lẹ́jì tí wọ́n ń pè ní COLBIOS ló ní ẹ̀ka Biochemistry (kẹ́mísírì inú ohun abẹ̀mí), Microbiology, Pure and Applied Botany (ìmọ̀ ewéko) àti Pure and Applied Zoology (ìmọ̀ ẹranko). Ẹni tó bá ń lọ síbi iṣẹ́ ìlera yóò jàǹfààní Zoology tàbí Biochemistry ju Botany lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ sí ewé àti egbò ìwòsàn lè fi Botany dé ibi tó dára nínú ìwádìí oògùn. FUNAAB yìí kan náà ní kọ́lẹ́jì ìṣègùn ẹranko, mo sì fẹ́ kí àwọn òbí tún èrò wọn ro nípa rẹ̀: àrùn bíi dìgbòlugi ajá ń ti ara ẹranko dé ara ènìyàn, dókítà ẹranko sì jẹ́ ara àwọn tó ń dí ojú ọ̀nà rẹ̀. Ní ìlú yìí náà ni Crescent University àti Chrisland University wà fún àwọn tó bá fẹ́ ilé ìwé aládàáni.

Ibi yòówù kí ẹ wà, bí àyè bá wà fún kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fúnra rẹ̀ yàn, ẹ mú biochemistry, ẹ̀kọ́ nípa bí ẹ̀yà ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ìmọ̀ àjogúnbá, ìmọ̀ àjẹsára, kòkòrò afàrùn àti ìṣirò tó jẹ mọ́ ohun abẹ̀mí. Ẹ má ṣe sá fún kẹ́mísírì oníkáríbọ́ọ̀nù. Òun ló ń dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́ jù ní ọdún kejì, òun náà ni ìmọ̀ oògùn àti biochemistry dúró lé. Ìmọ̀ àjogúnbá ní tirẹ̀ kò jìnnà sí ilé wa rárá: ẹni tó bá lóye ìdí tí ọkọ àti aya tí àwọn méjèèjì jẹ́ AS fi lè bí ọmọ SS, tó sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹbí ní èdè Yorùbá tó yé wọn, ti ń ṣe iṣẹ́ ìlera kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí kankan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ṣọ́ CGPA láti sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́

GPA ni ìpíndọ́gba máàkì sẹ̀mẹ́sítà kan, CGPA sì ni ti gbogbo sẹ̀mẹ́sítà tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ń lo ìwọ̀n tí òkè rẹ̀ jẹ́ 5.00. A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, D sì jẹ́ 2. A ó fi iye yìí sọ yúnítì kọ́ọ̀sì náà di púpọ̀, a ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó sì fi àpapọ̀ yúnítì pín in. Bí ẹnìkan bá ṣe 20 yúnítì, tó gba A nínú 9, B nínú 6, C nínú 5, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 84, GPA rẹ̀ sì jẹ́ 4.20. Láti 4.50 sókè ni First Class, 3.50 sí 4.49 ni Second Class Upper, 2.40 sí 3.49 sì ni Second Class Lower.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ọdún kìn-ín-ní tí kò dára ń fà. Ká ní ọmọ kan ṣe 40 yúnítì ní 100 level, ó sì gba 2.80. Ó fẹ́ fi 3.50 jáde lẹ́yìn 160 yúnítì. Nínú 120 yúnítì tó kù, ó gbọ́dọ̀ máa gba 3.73 ní ìpíndọ́gba, bẹ́ẹ̀ sì ni kọ́ọ̀sì 300 level le ju ti 100 level lọ. Ó ṣeé ṣe, mo sì ti rí àwọn tó ṣe é, ṣùgbọ́n ó ná wọn ní oorun àti ìsinmi púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ìṣòro ọdún kìn-ín-ní kò sì jẹ́ ti ọpọlọ rárá: ó jẹ́ ti ọmọ tó kọ́kọ́ kúrò lábẹ́ òbí, tó ń gbé ní Camp tàbí Ọbántókò, tó ń pàdánù práítíkà (ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe inú láàbù) aago mẹ́jọ nítorí pé kò tètè rí ọkọ̀. Ẹ má ṣe fojú kéré BIO 107 àti BIO 108 tó jẹ́ kìkì práítíkà. Yúnítì kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó rọrùn láti gba A níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ ti ń mọ máíkírósíkóòpù.

Fún kíka ìwé, ẹ kà láti lè ṣàlàyé fún ẹlòmíràn. Ẹ kó ara yín jọ ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa kọ́ àwọn yòókù ní orí kan láìwo ìwé. Bí ẹnì kan bá ní àyè, kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ SS3 ní bàyọ́lọ́jì ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní ọjọ́ Sátidé: owó díẹ̀ á wọlé, kò sì ní gbàgbé ẹ̀kọ́ 100 level.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ wọ ilé ìwòsàn kí ẹ tó pinnu pátápátá

Ìlú yìí ní ilé ìwòsàn tí àwọn ọmọ ìlú mìíràn ń wá ọkọ̀ wọ̀ wá. Federal Medical Centre wà ní Ìdí-Àbà, ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Ìjàyè, Sacred Heart tí àwọn Àgùdà dá sílẹ̀ ní 1895 wà ní Lantoro, ilé ìwòsàn ọpọlọ sì wà ní Àrò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá parí bàyọ́lọ́jì ní Abẹ́òkúta láìtẹ ẹsẹ̀ sí ọ̀kankan nínú wọn ju ìgbà tí ara rẹ̀ kò yá lọ ti fi àǹfààní ńlá ṣòfò.

Ọ̀nà tó tọ́ ni SIWES, ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ mọ iṣẹ́ níbi iṣẹ́ gan-an, tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ ITF bẹ̀rẹ̀ ní 1973. Ẹ má dúró títí ilé ìwé yóò fi wá àyè fún yín. Ní sẹ̀mẹ́sítà tó ṣáájú, ẹ gba lẹ́tà ìfinihàn láti ẹ̀ka yín, ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì àwọn alábòójútó ilé ìwòsàn náà, ẹ wọṣọ dáadáa, ẹ kí àwọn àgbà bí ọmọ Yorùbá ṣe ń kíni, kí ẹ sì béèrè ẹni tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ SIWES. Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá, ẹ padà lọ. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gún un, èkejì ní oṣù kan lẹ́yìn èkíní, ẹ̀kẹta ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn èkíní, torí náà ó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú SIWES.

Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ fojú sí iṣẹ́ gbogbo ènìyàn, ẹ má wo dókítà nìkan. Ní Àrò, fún àpẹẹrẹ, ẹ óò rí nọ́ọ̀sì, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re àti onímọ̀ occupational therapy tí wọ́n jọ ń ṣe ìtọ́jú ẹnì kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1923, ti bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní 1954, tí àwọn aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn nígbà tí wọ́n ń gba ìtọ́jú. Ọkùnrin náà padà di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé. Ọmọ tó bá rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nítòsí lè rí i pé ohun tí òun ń wá nínú ìṣègùn wà nínú iṣẹ́ mìíràn tí òun kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ẹ kọ logbook, ìwé àkọsílẹ̀ SIWES, lójoojúmọ́, ohun tí ẹ ṣe àti ohun tó yé yín nínú rẹ̀. Orúkọ aláìsàn, fọ́tò èsì, ohun tí ẹ gbọ́ ní wọ́ọ̀dù, kò gbọ́dọ̀ dé orí WhatsApp láéláé, kò gbọ́dọ̀ dé etí ọ̀rẹ́ tàbí ti màmá yín nílé pàápàá. Ẹni tí kò bá lè pa àṣírí mọ́ kò tíì ṣe tán fún iṣẹ́ yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ fi iṣẹ́ àṣekágbá sọ ohun tí ẹ fẹ́ dà

Iṣẹ́ ìwádìí ọdún kẹrin ni ìwé àkọ́kọ́ tó máa fi hàn pé ẹ lè ronú bí òṣìṣẹ́ ìlera. Ẹ má gba àkòrí tí wọ́n ti ṣe ní ìgbà púpọ̀ nítorí pé ó rọrùn. Ní ẹ̀gbẹ́ ibí yìí ni ìdídò Ọyán wà, tí wọ́n ṣí ní 1983, àwọn olùwádìí sì ti rí àtọ̀sí ajá lára àwọn ọmọdé abúlé tó yí i ká. Àrùn náà ń ti ara ìgbín kékeré inú omi bọ́ sínú omi, ó sì ń gba awọ ara wọlé sára ẹni tó bá wẹ̀ tàbí tó fọ aṣọ níbẹ̀. Oògùn praziquantel ń wò ó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá padà sínú omi kan náà tún lè kó o. Nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, àkòrí wà fún ẹni tó fẹ́ràn ìgbín, ẹni tó fẹ́ràn máíkírósíkóòpù àti ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí àwọn ìyá mọ̀ nípa ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀.

Bí ìwádìí yín bá kan ènìyàn, ìwé ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìlànà ìwádìí gbọ́dọ̀ jáde kí ẹ tó gba ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìwé yìí máa ń pẹ́, ẹ tètè béèrè. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ kí baálẹ̀, ẹ ṣàlàyé fún un, kí ẹ sì gba àṣẹ òbí fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí èsì bá jáde, ẹ padà lọ sọ ọ́ fún wọn, kí ẹ sì darí ẹni tí àrùn wà lára rẹ̀ sí ilé ìwòsàn.

Olùkọ́ tó bá bójú tó iṣẹ́ yìí ni ó dára jù láti kọ lẹ́tà ẹ̀rí fún yín, torí pé ó mọ bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwé.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ to ìwé àti àsìkò sí ipò

Ẹni tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tó gba dìgírì gbọ́dọ̀ sìnrúùlú. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ lo ọdún yẹn fún ìpalẹ̀mọ́: ẹ béèrè fún ilé ìwòsàn tàbí ọ́fíìsì ìlera ìjọba ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi iṣẹ́, ẹ wọ ẹgbẹ́ àgùnbánirọ̀ tó ń ṣe ètò ìlera, kí ẹ sì tọ́jú díẹ̀ nínú owó oṣù fún fọ́ọ̀mù àti transcript (ìwé tí yunifásítì fi ń kọ máàkì gbogbo kọ́ọ̀sì tí ẹ ṣe). Òfin kò gbà kí ènìyàn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ìwọlé tuntun nígbà tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà ní ilé ìwé àkọ́kọ́.

Fún òkè òkun, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni mo ní. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà ń béèrè ìdánwò MCAT, tí máàkì rẹ̀ wà láàárín 472 sí 528, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í gba akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Ó sàn kí ọ̀pọ̀ ọmọ wa wá dìgírì kejì nínú ìlera àwùjọ tàbí ìmọ̀ àrùn níbẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni owó ìrànwọ́ ti lè wà.

Fún Direct Entry nílé, oṣù díẹ̀ ṣáájú kí JAMB tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta fọ́ọ̀mù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ìwé ẹ̀rí dìgírì, èsì ìwé mẹ́wàá, ìwé ìbí àti ìwé ìpínlẹ̀ ti wà lọ́wọ́, kí ẹ sì ti béèrè transcript ní ilé ìwé àkọ́kọ́, nítorí pé transcript ni ohun tó ń pẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ fi orúkọ inú ìwé wọ̀nyí wéra lẹ́tà sí lẹ́tà. Ara NIN ni JAMB ti ń mú orúkọ, ẹni tó bá jẹ́ “Olúwaṣeun” ní WAEC, tó wá jẹ́ “Ṣeun” ní NIN, kí ó lọ tún ti NIN ṣe ní ọ́fíìsì NIMC kí títa fọ́ọ̀mù tó bẹ̀rẹ̀.